Ta ló yẹ kó ya àwòrán ẹ̀yìn ilé tí a fẹ́ fà jáde?

Ìyá Ìbejì, Dagenham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ti há mọ́ wa. Ilé tó so mọ́ ilé lọ́tùn-ún lósì ni, a sì fẹ́ fa kíṣìnnì sẹ́yìn ní bíi mítà mẹ́rin. Mo ti bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́, architect ni, £5,800 ló pè é. Ìkejì jẹ́ arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, architectural designer ló pe ara rẹ̀, £1,100 ló ní kí n mú wá. Bàbá Ìbejì ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé ìwé kan náà ni káńsù máa fọwọ́ sí. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti là á kọjá ni kó dá mi lóhùn.

Láńre, Croydon
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Àǹtí. Ẹ má tíì wo iye owó. Ẹ bi arákùnrin yẹn pé: £1,100 yìí, ibo ló máa bá mi dé?

Ojú mi ti rí i ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yàwòrán fún wa kò gbówó púpọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni káńsù fọwọ́ sí i, a sì jó nílé lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí builder dé, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní: ìpìlẹ̀ yìí ńkọ́, báwo ló ṣe máa jìn tó? Irin tó máa gbé yàrá òkè dúró tí a bá wó ògiri ẹ̀yìn, báwo ló ṣe máa tóbi tó? Kò sí ọ̀kankan nínú ìwé. Àwòrán planning, ìyẹn ti ìyọ̀ǹda káńsù láti kọ́ ọ, ni wọ́n yà fún wa. Bí ilé ṣe máa rí lójú àti bóyá kò ní dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ alámùúlétì ni ìyẹn ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni àwòrán Building Regulations, òfin bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́lé. Inú rẹ̀ ni jíjìn ìpìlẹ̀ wà, ohun tí wọ́n máa kì sínú ògiri nítorí òtútù, ibi tí páìpù gbà, àti ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde tí iná bá sọ.

Builder mi bá méfò. Inspector tó ń yẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ wò dé, ó wo ihò, ó wo igi ńlá tó wà lọ́gbà ilé kejì, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Amọ̀ ni ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa níbí, igi a máa fa omi inú rẹ̀, ilẹ̀ á sì sún kì. Gbogbo ìgbẹ́lẹ̀ àti kọnkéré tó lé, "extra" ni wọ́n ń pè é. Kí n má purọ́, owó tí mo rò pé mo ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ayàwòrán, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ló bá ihò yẹn lọ. Builder mẹ́ta tí mo pè kí n tó bẹ̀rẹ̀, iye tí kálukú dá jìnnà síra wọn bí ọ̀run àti ayé, torí àbá orí kálukú ni wọ́n ń ṣírò.

Ẹ̀gbọ́n Délé, Leeds
Láńre, o káre. Ẹ jẹ́ kí n fi ti orúkọ kún un. Architects Act 1997 ló dáàbò bo orúkọ "architect" nílẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé ARB, àjọ tó ń kọ orúkọ àwọn architect sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ṣòwò, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. RIBA tí wọ́n ń gbé sókè yẹn, ẹgbẹ́ àwọn architect ni. Ọwọ́ ARB ni ti òfin wà. Ní ti "architectural designer", èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ láàárọ̀ ọ̀la.

Mi ò sọ pé arákùnrin yẹn ò mọṣẹ́ o. Ẹni tó ya tèmi kì í ṣe architect, technologist ni, MCIAT, àmì ẹgbẹ́ àwọn technologist, wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, builder ò sì padà wá bi í ní nǹkan kan. Fún kíṣìnnì lásán, irú wọn tó.

Ìdánwò tèmi nìyí. Lọ́jọ́ tí ayàwòrán bá kọ́kọ́ wá wo ilé, ẹ bi í pé, "Ṣé mo tilẹ̀ nílò planning?" Ní England, ilé tó so pọ̀ bíi tiyín sábà máa ń lè fà sẹ́yìn ní mítà mẹ́ta láìgba planning, bí òrùlé rẹ̀ kò bá ga ju mítà mẹ́rin, tí ilé náà kì í ṣe fláàtì, tí káńsù ò sì ti gba ẹ̀tọ́ yẹn kúrò ládùúgbò. Tó bá lé ní mẹ́ta, tí kò ju mẹ́fà, ẹ ní láti kọ́kọ́ sọ fún káńsù, wọ́n á bi àwọn alámùúlétì, ó lè gba ọjọ́ 42. Mítà kan péré tí ẹ fi kún un yẹn ló fa gbogbo ìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á là á yé yín kó tó dárúkọ owó. Bí ẹ bá sì dúró sí mẹ́ta, ẹ ṣì gba Lawful Development Certificate, ìwé káńsù tó jẹ́rìí pé ohun tí ẹ kọ́ bófin mu, torí lọ́yà ẹni tó máa ra ilé lọ́jọ́ iwájú á béèrè.

Títí, Houston
Ẹ̀yin ará London ń gbádùn. Houston níbí ò ní zoning, òfin tó ń pín irú ilé tí èèyàn lè kọ́ síbì kan, àmọ́ HOA wa, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, fẹ́ mọ irú ọ̀dà tí mo fi kun ilẹ̀kùn.

Àǹtí Bísí, Thamesmead
Ìyá Ìbejì, ẹ má gbàgbé Party Wall Act 1996, òfin ògiri àjọni. Bí ẹ bá máa gbẹ́lẹ̀ láàárín mítà mẹ́ta sí ilé àwọn alámùúlétì, tí ihò náà sì jìn ju ìpìlẹ̀ tiwọn, ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn níwèé, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Bí wọn ò bá fèsì láàárín ọjọ́ 14, òfin kà á sí pé wọn ò gbà, surveyor, ẹni tó máa là á láàárín yín, á wọ̀ ọ́, orí ẹni tó ń kọ́lé ni owó rẹ̀ sábà ń já lé. Èmi kọ́kọ́ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò lọ, mo jókòó, mo fi àwòrán hàn wọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbé ìwé lọ. Ojú mi ni wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ẹ tún ṣí manhole ẹ̀yìn ilé wò. Páìpù ìdọ̀tí ilé mélòó kan lè gba abẹ́ ọgbà yín kọjá, láti oṣù kẹwàá 2011 sì ni ọ̀pọ̀ irú páìpù àjọlò bẹ́ẹ̀ ti di ti ilé iṣẹ́ omi. Bí ìpìlẹ̀ bá máa wà láàárín mítà mẹ́ta sí i, ẹ gba ìyọ̀ǹda Thames Water ná. Ayàwòrán tó dárúkọ owó láìbèèrè manhole, ẹ ṣọ́ra fún un.

Láńre, Croydon
Mo gbàgbé mẹ́ta, Àǹtí. Ẹ ní kó fi ìwé insurance iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó yàwòrán ló ni àwòrán náà lójú òfin, nítorí náà kó wà nínú àdéhùn pé ẹ lè máa lò ó bí ẹ bá tilẹ̀ pínyà. Fọ́tò Instagram kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn ilé kan tó ti parí, kí ẹ bi onílé bóyá iye tí wọ́n dá ni wọ́n san.

Ìyá Ìbejì, Dagenham
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo pe arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní planning nìkan ni, kí n wá ẹnjiníà fúnra mi, insurance ò sì sí. Mo wá ní kí architect pín £5,800 rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ló bá hàn pé títọ́jú iṣẹ́ títí builder á fi kúrò wà nínú rẹ̀. Tí a bá yọ ìyẹn, £3,600 ló kù. Bàbá Ìbejì ò sọ nǹkan kan mọ́, ó ti gbé tape sẹ́yìn ilé, ó ń wò ó bóyá mítà mẹ́ta á gba tábìlì. Èmi ni mo máa ṣí manhole lọ́la. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mò ń bẹ̀rù.