Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa to kọ́ọ̀sì honours kẹ́mísírì dé orí prójẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti parí ọdún kìíní nínú honours kẹ́mísírì ọlọ́dún mẹ́rin. General chemistry àti calculus àkọ́kọ́ ti kúrò lọ́rùn mi. Mo fẹ́ sún ìṣirò tó kù síwájú kí n lè gbájú mọ́ organic (kẹ́mísírì àwọn èròjà oní-carbon) lọ́dún kejì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ló sì yẹ kí n wá alábòójútó fún prójẹ́ẹ̀tì?

Èsì 1
Àbúrò, má sún ìṣirò síwájú rárá. Physical chemistry, ìyẹn ẹ̀ka tó ń fi físíìsì àti ìṣirò ṣàlàyé kẹ́mísírì, ló máa gbẹ̀san lára ẹ. Partial derivative ló kún inú thermodynamics (ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára), differential equation àti linear algebra sì ni quantum mechanics (ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí electron àti atom) dúró lé, ìṣirò tó ò tíì kọ́ sì ni wọ́n. Láìsí wọn, ńṣe ni wàá kàn máa há Schrödinger equation, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ quantum mechanics, sórí. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kì í kọ́ physical chemistry ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, nítorí náà sáà kan tó o sún lè di odindi ọdún kan.

Ẹ̀yìn ni kó o ti to ó wá. Kọ prójẹ́ẹ̀tì ọdún kẹrin sílẹ̀, wo kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀, wo èyí tó ṣáájú ìyẹn náà, títí wàá fi dé ibi tó o wà báyìí. Ó sábà máa ń já sí báyìí: organic méjèèjì (apá kìíní àti ìkejì), analytical, físíìsì àti ìṣirò lọ́dún kejì, physical méjèèjì, inorganic àti instrumental analysis lọ́dún kẹta.

Èsì 2
Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ kó má kó láàbù mẹ́ta pọ̀ sí sáà kan ṣá o. Láàbù oníwákàtí mẹ́rin kì í parí sí mẹ́rin: ìmúrasílẹ̀ ń bẹ níwájú, ìjábọ̀ ń bẹ lẹ́yìn. Méjì ti tó.

Èsì 3
Ní ti alábòójútó, àárín ọdún kẹta ni, kí àyè tó kún. Ka àpilẹ̀kọ bíi méjì tí olùkọ́ náà gbé jáde kó o tó kọ̀wé sí i. Béèrè pé: ta ló máa dúró tì mí ní láàbù? Ṣé àwọn kẹ́míkà náà wà nílẹ̀, àbí a ṣì máa ra wọ́n? Tí reaction àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, kí la máa ṣe? Prójẹ́ẹ̀tì tí ò ní ìdáhùn sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, sá fún un. Tún ka òfin honours iléèwé ẹ dáadáa, torí àwọn kan máa ń wo máàkì kẹ́mísírì lọ́tọ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Kí ló sábà máa ń ba prójẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ jẹ́?

Èsì 4
Ohun tá a ṣe tí ò mọ́ gaara, tí nǹkan míì ṣì dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí ethyl acetate (solvent tí wọ́n sábà ń lò) ò bá tíì kúrò tán lẹ́yìn column, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya èròjà sọ́tọ̀, yóò yọ lórí proton NMR (ìdánwò tó ń fi ibi tí hydrogen wà nínú èròjà hàn) nínú CDCl₃, solvent tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ní 1.26, 2.05 àti 4.12 ppm (òṣùwọ̀n orí àwòrán NMR), akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé ara ohun tí òun ṣe ni. Yield, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó jáde tó jáde lóòótọ́, á wú, nígbà míì á kọjá 100%. Gbé ohun tó o ṣe sórí vacuum pump kó lè fa solvent náà kúrò, máa wọ̀n ọ́n títí ìwúwo ẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́, kó o tó fi miligiráàmù 5 sí 10 sínú bíi mililítà 0.6 CDCl₃. Fáìlì NMR gan-an ni kó o tọ́jú o, kì í ṣe àwòrán ẹ̀ nìkan, kó o sì kọ ìlànà ìdánwò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó o ṣe é.