Ọjọ́ tí kò ní àmì pupa

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìtàn àìsàn tiyín níbí ṣáájú mi, títí kan àbúrò tó kọ ọ́ pé ó ti sú òun, ẹ ṣeun gan-an ni. Láti àná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn mi: fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Ó dá mi lójú pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti jókòó ti ẹni tó ní in rí. Lóru òní wàá máa ké pé egungun rẹ ń fọ́, tó bá di ọ̀tunla o ti ń rìn kiri, àwọn èèyàn á sì máa wò ẹ́ bí ẹni tó purọ́.

SS ni mí, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) tó ní àìsàn yìí. AS ni bàbá mi, AS ni ìyá mi, ìyẹn àwọn tó lè fi àìsàn náà ran ọmọ láìjẹ́ pé ó ń ṣe àwọn fúnra wọn; wọn ò sì mọ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi nìkan ló bọ́ sí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín, ni ìrora á bá dé. Orúnkún àti ẹ̀yìn ló máa ń bá mi jà. Òtútù lè fà á, àìmu omi tó lè fà á, nígbà míì èèyàn ò ní rí ohun tó fà á rárá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15, mo jágbe mọ́ bàbá mi: "Kí ló dé tí ẹ ò ṣàyẹ̀wò?" Wọn ò dáhùn. Aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ orúnkún mi. Wọ́n fún un, wọ́n ká a, wọ́n tún fi lé e. Ìgbà tí omi náà tutù ni wọ́n tó dìde lọ gbé òmíràn wá.

Àwọn èèyàn máa ń ní kí n dúpẹ́, pé ti àwọn kan burú ju tèmi lọ. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ìyà ẹlòmíì kì í ṣe oògùn ìrora mi.

Dókítà ti ní ká máa sàmì sí ọjọ́ tí ìrora bá dé. Ìyá mi so kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri, wọ́n ń fi bírò pupa fa igi sí i. Ní ìparí ọdún tí mo pé 16, ọdún tí mi ò lè jókòó ṣe ìdánwò, mo já a lulẹ̀, mo fẹ́ fà á ya. Mo ṣáà kọ́kọ́ kà á. Mo rò pé igi pupa á tó 200. 61 ni. Ọjọ́ 304 ló wà níbẹ̀ lásán, tí èmi fúnra mi ò lè sọ ohun tí mo fi ṣe.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo mú bírò búlúù tèmi, mo ń kọ ohun tí mo lè dúpẹ́ fún sí ọjọ́ tí kò ní igi pupa. "Mo gun àtẹ̀gùn láìdúró." "Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú." Kì í ju ìlà kan lọ.

Kò dín ìrora kù o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọpẹ́ ń wo àìsàn sàn: mò ń lo oògùn, mò ń mu omi, mi ò sì ń fi ọjọ́ ilé ìwòsàn falẹ̀. Àmọ́ tí ìrora bá ti dé lóru, mo ti mọ ohun tí mò ń dúró dè.

Àbúrò tó ní ó ti sú òun, má tíì wá ọpẹ́ lálẹ́ tí ara bá ń ro ẹ́. Sunkún. Pe ẹni tó máa jókòó tì ẹ́.

Ọmọ ọdún 18 ni mí nígbà tí mo padà ṣe ìdánwò yẹn. Bàbá mi ló mú bírò búlúù lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà pé: "Ó jókòó títí ó fi parí."