Ṣé ìbéèrè yìí ti tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí mi?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi láìfi bọpobọyọ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìwàásù mọ́, mo sì ṣèlérí pé n kò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti fún un ní ìwé àṣàrò kúkúrú, mo ti pè é wá sí ìsìn lẹ́ẹ̀mejì, mo tilẹ̀ ti bá a jiyàn, èyí tí mo kábàámọ̀. Láti oṣù 5 sẹ́yìn, àdúrà nìkan ni mò ń gbà fún un, ṣùgbọ́n àṣẹ inú Mátíù 28:19 pé kí a lọ sọni di ọmọ ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣàdédé bi mí pé kí ló dé tí n kì í tètè bínú mọ́. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣé irú ìbéèrè yìí ni 1 Pétérù 3:15 ní kí a múra tán láti dáhùn, àbí kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dárúkọ Jésù?