Kóòdù báńkì tí kì í dé Àjàṣẹ́

Ìyá Aláṣọ, Ouando: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́, Porto-Novo ilẹ̀ Benin. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì báńkì Nàìjíríà ni mo fi ń ra léèsì láti ilẹ̀ Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sanwó, kóòdù, ìyẹn nọ́ḿbà tí wọ́n ní kí n tẹ̀ kí owó tó lọ, á lọ sórí símù Nàìjíríà mi, símù ọ̀hún kì í sì í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gun zém, ọ̀kadà wa níbí, dé Ìgòlò lẹ́nubodè Nàìjíríà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń din àkàrà, mo gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Kóòdù wọlé lóòótọ́, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tàná tòní. Kí n tó mọ èwo ni tuntun, wọ́n ní àkókò mi ti tán. Ṣé kò sí bá a ṣe lè ní kí báńkì yọ kóòdù yìí kúrò ni?

Ẹ̀gbọ́n Onífóònù: Ìyá wa, ẹ kú ìrìn. Ẹ má tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Nọ́ḿbà ojú káàdì yín, ọjọ́ tó máa kú, àti nọ́ḿbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti di káàdì náà mú rí lè dà á kọ. Kóòdù yẹn nìkan ni kò sí lára káàdì.

Ẹni tó ń tajà kọ́ ló ń béèrè rẹ̀, báńkì yín ni. 3-D Secure lorúkọ ètò náà. Visa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 2001. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ aṣínà ló sábà máa ń béèrè, ó sì ń sú àwọn èèyàn débi pé wọ́n á fi ọjà sílẹ̀ lọ. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe tuntun, tí EMVCo, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì bíi Visa, tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú èyí, kí ẹ̀yin tó rí nǹkan kan, ẹni tó ń tajà ti sọ irú fóònù tí ẹ ń lò, ibi tí ẹ wà, iye owó àti ibi tí ọjà ń lọ fún báńkì. Bí ọkàn báńkì bá balẹ̀, owó á kọjá láìbi yín léèrè ohunkóhun. Bí ara bá fu ú, ó di kóòdù. Ẹ wá wò ó: káàdì Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì Benin, ṣọ́ọ̀bù Ṣáínà. Bí èmi náà bá jẹ́ báńkì, màá béèrè.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́, Paris: Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin ló sọ ọ́ di dandan láti 14 September 2019: ẹ̀rí méjì nínú mẹ́ta, ohun tó o mọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, àti ohun tó jẹ́ ara rẹ, bí ìka ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí ọjà ò bá ju 30 yúrò lọ, ìyẹn nǹkan bí 19,700 séfà, báńkì lè fojú fò ó. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, tàbí tí àpapọ̀ rẹ̀ kọjá 100 yúrò, á tún béèrè. Ìyẹn wù mí. Ta ló ń fi àgádágodo ẹnu ọ̀nà ti agolo mílíìkì?

Ọmọ Kétu: Káàdì báńkì Benin ni tèmi o, kóòdù tèmi náà sì dédé dákẹ́. Mo ti bú àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì tán kí n tó rántí pé láti 30 November 2024 ni nọ́ḿbà wa ti kúrò ní mẹ́jọ di mẹ́wàá, tí wọ́n fi 01 síwájú rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ báńkì ṣì jẹ́ mẹ́jọ! Mo mú ìwé ìdánimọ̀ lọ, wọ́n tún un kọ, ó parí. Ẹ lọ yẹ tiyín wò.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ìyá, ọ̀nà tèmi rọrùn. Símù mi wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ìkòròdú. Tí kóòdù bá ti wọlé, á pè mí lórí WhatsApp, á kà á fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Onífóònù: Àbúrò, rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá mi ni o!

Ẹ̀gbọ́n Onífóònù: Mi ò pè é lólè. Ẹnu rẹ̀ tó ti mọ́ kíka kóòdù lórí fóònù ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí gbájú-ẹ̀ bá pè é pé "ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kí n gba kóòdù", á kà á bó ṣe máa ń kà á. Òun náà kì í sì í ka òkè àtẹ̀jíṣẹ́ fún ọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iye owó sábà máa ń wà. Oníbàárà mi kan fẹ́ san 18,500. Ó fara balẹ̀ ka tiẹ̀, 185,000 ló bá níbẹ̀. Nọ́ḿbà mẹ́fà ni àbúrò rẹ ì bá kà, owó á sì ti lọ.

Ìyá wa, roaming, ìyẹn kí símù Nàìjíríà máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí, ń gba kóòdù fún àwọn kan, ẹ lè dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá ẹ lè máa fọwọ́ sí ìsanwó nínú ápù wọn. Dátà ibí tó fún ìyẹn. Ẹ ó rí iye owó gàdàgbà lójú fóònù, ẹ ó tẹ ìka. Kẹ́ ẹ sì gba káàdì kejì tí ẹ ó máa rọ owó sí níwọ̀n ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ìyá Aláṣọ, Ouando: Ẹ ṣeun o, ọjọ́ mẹ́rin rèé, ápù ti ń ṣiṣẹ́. Lánàá oníbàárà ń ná àǹkárá lọ́wọ́ mi, fóònù dún, mo tẹ ìka. Ó kọ̀. Aró àdìrẹ ló kún ìka mi, àfìgbà tí mo nù ún mọ́ ìró ló tó gbà. Ṣùgbọ́n kí ápù tó ṣí níjọ́ àkọ́kọ́, kóòdù kan ṣoṣo ló béèrè lórí símù Nàìjíríà, ni mo bá tún dé Ìgòlò. Àkàrà obìnrin yẹn dùn, ẹ jàre.

Ẹ̀gbọ́n Onífóònù: Ẹ má sọ símù náà nù o. Bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, orí ẹ̀ ni ápù máa padà sí. Tó bá pé oṣù mẹ́fà láìlò, wọ́n lè tì í pa. Tó bá tún pẹ́ sí i, nọ́ḿbà náà lè di ti ẹlòmíràn, kí kóòdù yín máa lọ bá onítọ̀hún. Ẹ máa fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Aláṣọ, Ouando: Ta ló ń lọ sí Ìgòlò lọ́la, kí n fún un ní símù kó bá mi fi pe ẹnì kan?

Akẹ́kọ̀ọ́: Ìyá, Ẹ̀gbọ́n ń wò yín o. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Àkàrà yẹn ni mò ń bá lọ ní tèmi.