Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: àdìrẹ tí oníbàárà ò rí tẹ́lẹ̀ ti di rírí

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé mo béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá àdìrẹ lórí ìkànnì ṣọ́ọ̀bù wa ní Gbági tí wọn kì í rí i, bẹ́ẹ̀ ó kún ilẹ̀. Ó ti yanjú.

Òótọ́ lẹ sọ pé kí n tú àkọlé tí mo kọ sórí ọjà kọ̀ọ̀kan palẹ̀. "Aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ẹ pè wá" kò sọ nǹkan kan fún kọ̀ǹpútà. Báyìí, oríṣi aṣọ, àwọ̀ àti iye yáàdì ní àyè tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó di nọ́ńbà lásán, 12000. NGN, àmì tó dúró fún náírà, wà ní àyè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà gan-an ló fìyà jẹ mí jù. Èmi kọ "àdìrẹ", oníbàárà tẹ "adire". Ó tún kù: ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ "ẹ", yálà lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí "e" tí a so àmì mọ́ nísàlẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. N kò ní torí ìyẹn bọ́ àmì kúrò lára èdè wa láéláé! Ohun tí oníbàárà ń kà kò yí padà. Ẹ̀dà tí kò lámì la fi pamọ́ sẹ́yìn fún ìwákiri, a sì ń bọ́ àmì lára ohun tí wọ́n bá tẹ̀ kí a tó fi wọ́n wéra.

Lánàá, ìyá kan ní Mọ́kọ́lá tẹ "adire eleko". Mẹ́fà jáde, ó ra méjì.

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.