Ẹ gbà mí, ẹ̀rọ ìpa-ẹ̀pà tí mo yà sórí kọ̀ǹpútà ti tú ká

Olùbéèrè, Kaduna:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Alhaji kan ní Kano ni ó gbéṣẹ́ fún mi pé kí n ya ẹ̀rọ tí yóò máa pa ẹ̀pà, ó ti san ìdajì owó, àwọn wẹ́dà rẹ̀ sì ti ra irin sílẹ̀ dè mí. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí assembly náà, ìyẹn fáìlì tí ó to gbogbo part (ẹ̀yà ẹ̀rọ) pọ̀, tí mo rí i pé ìlù tí ń pa ẹ̀pà ti pòórá, ẹsẹ̀ férémù kò sí mọ́, orúkọ wọn nìkan ni ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Part mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi yà! Iná kì í dúró ládùúgbò wa, Alhaji sì ń pè mí ní wákàtí-wákàtí. Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Onírin Zaria:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bùrọ̀dá. Ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù ni ó kọ́ èmi lọ́gbọ́n: mo da gbogbo part sínú assembly kan ṣoṣo, mo sún bóòtù kan báyìí, odindi ẹ̀rọ sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, férémù ni mo máa ń kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀ kó má lè yẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń to ìlù àti ìjókòó mọ́tò ní sub-assembly (assembly kékeré) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ará Minna:
Ẹ fi software olówó sílẹ̀. FreeCAD wà, software ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí FreeCAD 1.0 ti jáde ní 2024 ni Assembly ti wà nínú rẹ̀ gan-an.

Màmá Ìbejì, Kubwa:
Ará Minna, ẹni tí ń wá fáìlì kọ́ ni à ń ní kó kó kúrò nílé. Tí ó bá gbé iṣẹ́ náà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú STEP, irú fáìlì tí oríṣiríṣi software lè ṣí, ìrísí part ni yóò dé ọ̀hún, mate kankan, ìyẹn ìsopọ̀ tí ó mú part kan mọ́ èkejì, kò ní bá a lọ. Olùbéèrè, assembly kì í gbé part sínú ara rẹ̀, orúkọ fáìlì àti ibi tí ó wà ni ó ń rántí. Software wo ni ẹ ń lò, kí sì ni ẹ ṣe sí fódà yẹn?

Olùbéèrè:
SolidWorks ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ sub-assembly dáadáa, ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ní ti fódà, mo kàn tún un ṣe ni lálẹ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé Part1, Part2 kò bójú mu lójú oníbàárà. Mo yí orúkọ bí ogún padà, mo sì pa àwọn tí mo rò pé ẹ̀dà ni wọ́n rẹ́.

Onírin Zaria:
Háà! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Màmá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ má tún nǹkan kan yà o. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odindi fódà náà. Tí ẹ bá ṣí assembly, tí ó sì ní òun kò rí part kan, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ tọ́ka sí fáìlì tí ó ń jẹ́ orúkọ tuntun, mate rẹ̀ yóò tún bá a mu. Lọ́jọ́ mìíràn, inú SolidWorks gan-an ni kí ẹ ti yí orúkọ padà, Pack and Go, àṣẹ inú rẹ̀ tí ń kó assembly àti gbogbo part rẹ̀ pọ̀, ni kí ẹ sì fi kó iṣẹ́ kúrò lójú kan.

Olùbéèrè:
Ọlọ́run á bù kún yín, mà. Ìlù ti padà, irin àárín rẹ̀ sì wọ inú béárìn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ férémù ni n kò rí.

Màmá Ìbejì, Kubwa:
Inú àwọn tí ẹ pa rẹ́ ni kí ẹ wò. Recycle Bin ńkọ́, ṣé ẹ ti dà á nù?

Olùbéèrè:
Rárá, mà. Mo ti rí i níbẹ̀, Part7 ni orúkọ rẹ̀.