Àbọ̀ ìbéèrè mi: ibi ìkàwé tó dára ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn. Mo béèrè ibi tí èèyàn ti lè kàwé ní Ifẹ̀ láìsí ariwo, tí iná ò sì ní já a kulẹ̀. Àbọ̀ rèé.

Láíbìrì Hezekiah Oluwasanmi nínú ọgbà OAU (Yunifásítì Obafemi Awolowo) ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹ tètè dé kí èrò tó kún, kí ẹ sì jókòó ti ògiri, torí ibẹ̀ ni ihò iná sábà máa ń wà.

Kíkàwé mọ́jú ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ dáa fún ẹni tó ń ka ìwé lásán. Fún ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́, wàhálà ni: èèyàn púpọ̀ ló ń pín ihò iná kan, ẹstẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú sì máa ń gbóná. Ẹ fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ti ń jóni lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ ọmọ olówó, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀sẹ̀.

Ti páwá báǹkì, ìdajì ìṣòro iná ló yanjú. Èyí tó ń gbé 5V nìkan jáde, ti fóònù ni. Èyí tí wọ́n kọ USB-C PD (Power Delivery, ìlànà tó ń jẹ́ kí iná tó lágbára gba ojú USB-C jáde) sí lára ni kí ẹ rà, 45W ó kéré tán, kí láptọ́ọ̀pù yín náà sì jẹ́ èyí tó ń gba iná láti ojú USB-C.

Ohun tó kù ni ìgboro, láti Mayfair dé Lagere. Àwọn ilé oúnjẹ tí ẹ dárúkọ ní jẹnẹrétọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin wọn kì í dákẹ́. Ẹni tó bá mọ ibòmíràn, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí.